Ọ̀nà Òkòtó fún Ìyá Mary

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

Dáníẹ́lì, olórí akọrin ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìgándò, wá sí ọ́fíìsì mi ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí. Ó ga débi pé ó tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù, wẹ́dà tí mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán géètì fún, ló júwe mi fún un.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló bá wá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá náà ní oṣù Kìíní; àtọ̀gbẹ ló fà á. Àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń jókòó sí báyìí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni wọ́n ti ń jọ́sìn, torí omi kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn ìsàlẹ̀ nígbà òjò. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbé ìyá gòkè tàgatàga. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì jù ú sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú mọ́tò ló ń jókòó sí nísàlẹ̀, tó ń gbọ́ ìsìn látẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọ̀nà la fẹ́, Àǹtí," ni Dáníẹ́lì wí. "Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ á lè gbà dókè. Kó sì parí kí Ìkórè tó dé."

Ìkórè wọn bọ́ sí Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Keje. Mo ní màá wá wò ó ná.

Ọjọ́bọ̀, 8

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu géètì wọn. Òjò rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ wọ gbogbo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà òkè jẹ́ fíìtì mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé fíìtì kan gòkè, fíìtì méjìlá síwájú. Bó bá gẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò ní ká a. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tó gùn tó ọgọ́fà fíìtì ni mo ń wá, nínú àgbàlá tí kò ju ọgbọ̀n fíìtì lọ níhà kọ̀ọ̀kan. Táǹkì omi tún dúró lórí òpó irin láàárín rẹ̀ gan-an. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn níbẹ̀, kò ṣeé ṣí nípò. Nítorí náà, ọ̀nà ọ̀hún á ní láti máa yí táǹkì po bó ṣe ń gòkè.

Wòlíì Zacchaeus tó ń darí ìjọ náà dúró tì mí bí mo ṣe ń fi téèpù wọn ilẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Jíìpù rẹ̀ wà nínú gáréèjì gígùn kan tó fara ti ògiri ọgbà láti ẹnu géètì wá. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ṣeé ṣe?" Mo ní mi ò tíì mọ̀, Bàbá.

Àbámẹ́ta, 10

Mo lọ rí Ìyá Mary nílé rẹ̀ ní Shásha. Ẹ̀wà ló ń tà lósùnwọ̀n ní ọjà ibẹ̀ kí àìsàn tó dé. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ tó gbé lé itan. Kò tíì pé àádọ́rin ọdún. Pálọ̀ tí mo jókòó sí yìí ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó wá ṣe ọ̀nà ọ̀run fún mi?"

"Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ni, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n wọn fífẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti bí apá rẹ̀ ṣe ń na tó. Ó jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi gbà kí wọ́n máa gbé òun mọ́, bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ̀rù kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n jù mí sílẹ̀, bí mo ṣe wà nílẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ yọwọ́. Ẹrù ni wọ́n máa ń gbé. Èmi kì í ṣe ẹrù." Ó fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lórí ẹ̀wà. "Báwo ni tìrẹ ṣe máa rí?"

Mo ní á dà bí òkòtó.

"A ta òkòtó gan-an l'Óǹdó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òkòtó ń pòòyì ni, kì í gòkè."

Mo ní èyí á gòkè. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí n fi ẹnu mi dá a lójú bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 13

Mo pe fáìlì náà ní Òkòtó. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo fún kọ̀ǹpútà: bí ọ̀nà á ṣe jìnnà sí táǹkì tó, bí á ṣe ga tó, iye ìgbà tí á pòòyì. Mi ò fọwọ́ ya ìlà kankan. Ìlànà ni mo kọ: bó bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni kó máa gòkè. Kọ̀ǹpútà ló ń tẹ ìlà fúnra rẹ̀. Tí n bá yí nọ́ńbà kan padà, gbogbo rẹ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe lójú mi.

Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń ya géètì àti ojú fèrèsé, ohun onígun mẹ́rin gbogbo. Èyí kò nígun tí mo lè dì mú.

Nígbà tí mo ní kó na ilẹ̀ ọ̀nà tẹ̀ lé ìlà náà, ó lọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá gun irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà ṣubú. Ó pẹ́ kó tó yé mi: kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tó ń jẹ́ òkè. Mo ya òpó kan sáàárín, mo ní kó máa fi í mọ òkè. Ilẹ̀ ọ̀nà náà tẹ́jú.

Ọjọ́rú, 14

Kò síná. Epo tún ti gbówó lórí. Mo sùn.

Ajé, 19

Àgbàlá yẹn kò gbà ju òbìrí tí àyíká rẹ̀ jẹ́ bíi fíìtì méjìdínlọ́gọ́rin lọ. Láti rí ọgọ́fà, ọ̀nà gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀. Ààbọ̀ tó kẹ́yìn yóò wá bọ́ sórí ààbọ̀ àkọ́kọ́. Àlàfo tó máa wà láàárín wọn kò tó fíìtì mẹ́fà lẹ́yìn tí a bá yọ ti irin abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń tì í ló máa forí gbá irin. Mo pe Dáníẹ́lì.

"Màá bẹ̀rẹ̀, Àǹtí."

"Ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ti kẹ̀kẹ́, ẹ tún máa gòkè?"

"Ó ti yé mi ṣá."

Ẹtì, 23

Tí mo bá mú kó ga kíákíá kí orí lè rí àyè, ó ń gẹ̀rẹ́ jù. Tí mo bá dín gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kù, orí ń gbá irin. Tí mo bá fẹ̀ ẹ́ síta, ó wọ ògiri aládùúgbò. Mo gbìyànjú kí ó máa sún mọ́ àárín bó ṣe ń ga, bí ìkarahun ìgbín. Ìyẹn rẹwà lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ìdí táǹkì ló parí sí, kò dé ẹnu ọ̀nà kankan.

Olúgbénga ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ tíṣà dé láti iléèwé Command, ó wo ojú kọ̀ǹpútà látẹ̀yìn mi. Ó ní, "Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́."

Òótọ́ ni. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ ọ́.

Ajé, 26

Mo ti rí i. Kì í ṣe inú àgbàlá ló yẹ kí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu géètì ni. Kó lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó ti máa gòkè díẹ̀díẹ̀ látibẹ̀; nígbà tó bá wá dé àgbàlá, ìyípo kan ṣoṣo ló kù tó máa yí. Ohunkóhun kò ní bọ́ sórí ohunkóhun.

Mo gbé e wọ kọ̀ǹpútà. Ó péye. Mo fi ibi tó tẹ́jú sí i káàkiri kí ìyá lè máa sinmi, ó ṣì péye.

Àmọ́ ibi tó ti ń lọ tààrà yẹn, gáréèjì Wòlíì ni.

Ẹtì, 30

Mo gbé àwòrán lọ fún àwọn àgbà ìjọ. Mi ò dárúkọ gáréèjì. Mo kàn yà á bó ṣe máa rí, láìsí gáréèjì níbẹ̀. Wọ́n wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ rí i.

"Gáréèjì Bàbá ńkọ́?"

Mo ní ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà.

Àwọn ọmọ ìjọ ló dáwó kọ́ gáréèjì náà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ariwo ta. Ẹnì kan ní ṣé kí jíìpù máa sùn ní títì ni? Ẹnì kan ní kí ọ̀nà yí po lẹ́ẹ̀kan péré nínú àgbàlá, kó gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí i, ṣebí Dáníẹ́lì lágbára. Wòlíì Zacchaeus ń wo àwòrán náà bí ẹni ń ka nǹkan tí wọ́n fi èdè mìíràn kọ.

Wọ́n ní kí n lọ ya èyí tó gẹ̀rẹ́.

Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Mo yà á. Yíyà kò nira, nọ́ńbà kan ni mo yí padà. Fíìtì kan gòkè, kò tó mẹ́jọ síwájú. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo pe Bọ̀ọ̀dá Sùrájù, mo ní kó bá mi fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ irú gẹ̀rẹ́ yẹn sí fàráńdà ìjọ, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Ọjọ́rú, 4

Fàráńdà wọn ga ní fíìtì méjì sílẹ̀ nítorí omi. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù tẹ́ irin rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbà pé. Dáníẹ́lì fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ wá.

Dáníẹ́lì ti kẹ̀kẹ́ tó ṣófo gòkè. Kò le. Àwọn àgbà ń mirí, wọ́n ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Mary wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàráńdà. Ó ní, "Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sí i. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yí i gòkè. Kí ẹnikẹ́ni má tì yín."

Wòlíì ká sùtánà rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó di táyà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó yí i. Ó gòkè díẹ̀. Ó tún yí i, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Kò tíì dé àárín nígbà tí táyà iwájú gbéra nílẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ sì ń dà sẹ́yìn. Ìkan lára àwọn àgbà pariwo "Jésù!" Dáníẹ́lì ló bẹ́ mọ́ ọn, tó dá a dúró.

Bàbá dìde, ó tún sùtánà rẹ̀ ṣe, ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó lọ gbé jíìpù kúrò nínú gáréèjì, ó gbé e sí ìta géètì. Nígbà tó padà dé, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá Sùrájù wá wo òrùlé gáréèjì náà bóyá ó ṣì wúlò fún nǹkan.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo kó téèpù mi, mo lọ sílé.

Àbámẹ́ta, 7

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù fi ẹran Iléyá ránṣẹ́. Ó pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà ní títì nítorí ọdún.

Ọjọ́rú, 11

Ẹ̀bi mi ni tòní. Irin pẹlẹbẹ ni mo yà sí ilẹ̀ ọ̀nà. Dáníẹ́lì wò ó, ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn níbí. Irin nínú oòrùn ọ̀sán?"

A jọ fọwọ́ kan irin tó wà nínú oòrùn. A yáa yọwọ́.

A máa da kọnkéré fẹ́lẹ́ sórí rẹ̀, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ há a lójú kó má baà yọ̀. Ó wúwo sí i, òpó abẹ́ rẹ̀ ní láti nípọn sí i. Nọ́ńbà méjì ni mo yí padà. Ìyókù tẹ̀ lé wọn. Nírú ọjọ́ báyìí ni mo máa ń fẹ́ràn iṣẹ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 17

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù pè mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòtún. Páìpù ìfọwọ́dìmú, èyí tí wọ́n ti fi iná tẹ̀, wà nílẹ̀.

"Àǹtí Fẹ́kọ́mi, ẹ wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Ọ̀nà wa ń yí sọ́wọ́ òsì fún ẹni tó ń gòkè. Páìpù yìí ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún.

"Kò le," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká dorí ẹ̀ kodò."

Àwọn mẹ́ta gbé e, wọ́n dorí rẹ̀ kodò. A wò ó. Ọ̀tún ló ṣì ń yí sí. Wọ́n tún un dà. Ọ̀tún. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lábẹ́ itan ara rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rín.

"Bí bóòtù tí wọ́n fi ń de irin ló ṣe rí," ni mo wí. "Bí ẹ bá dorí bóòtù kodò, ibi tó ń dè sí kò ní yí padà."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo rí ibi tí mo ti ṣìnà. Àwòrán tí mo tẹ̀ fún wọn, mo yà á bí ẹni tó dúró sábẹ́ ọ̀nà tó ń wòkè.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é. Ó jókòó sórí àpótí, ó nu ojú.

"Ẹ lọ tún un yà. Páìpù kò ní bínú, irin ni." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́rú, 18

Mo fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà kan. Gbogbo rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó yí sí ìhà kejì lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti òní lọ, gbogbo bébà tó bá jáde lọ́wọ́ mi, màá kọ "ÒKÈ NÌYÍ" sórí rẹ̀ gàdàgbà.

Ìṣẹ́gun, 24

Òjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Gbogbo ihò tí wọ́n gbẹ́ fún òpó kún fún omi. Ìsàlẹ̀ ìjọ náà kún dé orókún. Àwọn obìnrin fi garawa gbọ́n omi, wọ́n ń kọrin. Iṣẹ́ dúró.

Ẹtì, 27

Omi ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní bóyá kí a sún un di Kérésì. Wòlíì ní rárá.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

Òpó ti dúró. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé irin sórí wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀rù ń bà mí nípa èyí tó kẹ́yìn, èyí tó máa kan ẹnu ọ̀nà. Bí àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ bá ti kóra jọ, ibẹ̀ ni yóò ti fojú hàn.

Ó kàn án. Àlàfo tó ṣẹ́ kù kò gba ju ìka mi lọ. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ki ìka tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Ó ní, "Alhamdulillahi." Ó jó iná mọ́ ọn.

Ìṣẹ́gun, 15

Kọnkéré ti gbẹ. Wọ́n kó àpò iyanrìn sórí ọ̀nà náà láti fi dán an wò. Kò mì.

Àìkú, 20

Mo gbọ́ lẹ́nu Dáníẹ́lì pé ìyá rẹ̀ ti ń wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó lọ tààrà nìkan ló ń gùn, á sì padà. Ó ra ìbọ̀wọ́. Kò jẹ́ kí Dáníẹ́lì fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́.

Àìkú, 27. Ìkórè

Mo lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù náà wá; a dúró pọ̀ lẹ́nu géètì, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Òjò kò rọ̀. Ọ̀sán mú.

Àwọn akọrin wà lókè, ohùn wọn ń bọ̀ látojú fèrèsé. Wòlíì dúró lẹ́nu ọ̀nà òkè pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Ìyá Mary dé nínú aṣọ funfun, ìbọ̀wọ́ dúdú lọ́wọ́. Dáníẹ́lì di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú. Ìyá ní, "Yọwọ́." Ó yọwọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó gba ibi tààrà kọjá láìdúró. Nígbà tó dé ibi tó ti ń yí, ó sinmi, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Táǹkì bò ó mọ́ wa lójú. Mo ń wo ìhà kejì níbi tó yẹ kó ti yọ. Kò yọ. Àwọn akọrin parí orin kan, wọ́n dá òmíràn, ìyẹn náà sì ń tán lọ lẹ́nu wọn. Mo ń ronú kan gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sínú fáìlì yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Dáníẹ́lì ti gbéra láti sáré gòkè. Bọ̀ọ̀dá Sùrájù di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀mí wọn wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ mímí wọn."

Táyà ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni ìbọ̀wọ́ dúdú, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀, tó rin gbingbin fún òógùn. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé iwájú Wòlíì. Bàbá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wọlé, ó gbé agogo sókè.

Ìyá Mary kò wọlé. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìsàlẹ̀, ó wo táǹkì, ó wo gbogbo wa tí a ń wòkè.

"Bàbá, ẹ bá mi mú sùúrù díẹ̀."

"Kí ló dé, Ìyá? Ṣé ó rẹ̀ yín?"

"Rárá o. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí n tún un gùn."

Ó sì tú ọwọ́ lára táyà díẹ̀, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń yí táǹkì ká, ó ń rẹ́rìn-ín sókè bí ọmọdé. Odindi ìjọ dúró dè é pẹ̀lú agogo tí kò tíì dún. Gígòkè nìkan ni mo rò ní gbogbo ìgbà tí mò ń ya ọ̀nà yẹn.